Tòmátì Kan Tó Kù Nílé Gergina

Kò sí ẹni tó ń ná ọjà Sátidé ní ìlú wa tí kò mọ àtẹ Trendafila. Abẹ́ igi ńlá iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń pàtẹ sí, ohun tó sì máa ń wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú ènìyàn ń rí níbòmíràn. Kùkúńbà funfun tó rí roboto bí ẹyin. Ata tó sán láti orí dé ìdí bí iwájú orí àgbàlagbà. Ìgbá tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dúdú, tí èkejì funfun. Ẹ̀wà dúdú tó ní ojú pupa kan ṣoṣo. Àwọn ará Sofia, olú-ìlú, tó bá ń kọjá lọ sí etí òkun a dúró, wọn a fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, wọn a máa pariwo pé ẹ wo èyí, ẹ wo tọ̀hún, bí ẹni pé ọ̀run ni ata náà ti já bọ́. Trendafila kì í bínú sí wọn. Ó ní ariwo wọn ló ń bá òun pe àwọn tó fẹ́ rà.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyẹn, ìránṣẹ́ lásán ni wọ́n. Ọba àtẹ náà ni tòmátì tí ìlú wa ń pè ní tòmátì ilé Gergina. Gergina ni ìyá ọkọ Trendafila. Tòmátì yìí tóbi tó orí ọmọ ọwọ́, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, èjìká rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ sì ká jọ bí àpò tí wọ́n fa okùn ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ kì í béèrè iyọ̀.

Ní ìlú wa, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ilé Vidka ló ni aáyù olórí pupa. Ilé àlùfáà ló ni ẹ̀wà gígùn. Kò sí òfin kankan nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ènìyàn gbin tòmátì ilé ẹlòmíràn sọ́gbà rẹ̀ dà bí ìgbà tó ká aṣọ ẹlòmíràn lórí okùn, tó wọ̀ ọ́ jáde sí ìgboro. Gbogbo ayé ni yóò mọ̀. Gergina fúnra rẹ̀ ló le jù nínú wọn. Obìnrin náà láhun! Yóò ta tòmátì fún ọ, ṣùgbọ́n bí o bá ní kó bù fún ọ nínú irúgbìn rẹ̀, á ní kí o kọ́kọ́ wá fẹ́ ọmọ òun ọkùnrin. Ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí, Dimo, Trendafila ló sì fẹ́ ẹ. Báyìí ni irúgbìn náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́dún mẹ́rìndínlógójì sẹ́yìn, nínú ìgò kékeré kan, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó.

Dimo kú lóṣù kẹjọ ọdún tó kọjá. Ẹ̀dọ̀ ló bà á jà. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, kò sí ẹni tó rántí ọgbà. Èyí tó so níbẹ̀ jẹrà sórí igi. Ìgò irúgbìn kan ló kù, èyí tí Dimo fúnra rẹ̀ fọ̀, tó sá, tó sì kọ ọdún sí lára. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, Trendafila gbé ìgò náà sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé, kò sì dé e dáadáa. Ta ló ń rántí ìdérí lọ́jọ́ ìsìnkú ọkọ rẹ̀? Nígbà tó máa ṣí i nígbà tí òtútù lọ tán, irúgbìn náà ti bu. Ó gbin gbogbo rẹ̀. Mẹ́rin ló hù. Yìnyín ọjọ́ Pétérù Mímọ́ fọ́ mẹ́ta mọ́lẹ̀, ó fi ìkẹrin sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka kan. Ẹ̀ka yẹn so ẹyọ kan.

Nígbà náà ni Trendafila ṣe ohun tí obìnrin kankan nílé Gergina kò ṣe rí. Ó wọ ilé dé ilé, ó ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti jí tòmátì àwọn gbìn rí.

"Èmi kẹ̀?" Vidka tí àtẹ aáyù rẹ̀ kángun sí tirẹ̀ lọ́jà ló figbe ta. "O wá ká mi mọ́lé láti pè mí lólè?"

"Vidka, mo bẹ̀ ọ́, sọ pé o jí i. Mi ò ní bínú. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, sọ pé o jí i."

"Mi ò jí i, Fila. Ẹ̀rù ìyá ọkọ rẹ ló bà mí." Vidka wò ó títí, ojú rẹ̀ wá rọ̀. "Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti jí i."

Ilé mọ́kàndínlógún ni Trendafila wọ̀. Ó wá olè, kò rí olè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí inú ń bí i sí ìlú wa pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í jalè.

Ó so òwú pupa mọ́ ọrùn ẹyọ tòmátì náà, bí a ṣe máa ń ṣe sí èyí tí a bá yà sọ́tọ̀ fún irúgbìn, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà kàn án. Tí oòrùn bá mú jù, á fi ṣẹ́ẹ̀tì Dimo kan ṣíji bò ó. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, á ṣa ìgbín kúrò nídìí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ń bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ní orí rẹ̀ ti ń dàrú, mi ò ní bá yín jiyàn. Dimo ti lọ, òórùn rẹ̀ ti ń kúrò lára aṣọ rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í dárúkọ rẹ̀ nílé ọtí mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ṣì ń mí láyé tí ọwọ́ Dimo ti kàn ni tòmátì yẹn. Bí ẹyọ yìí bá lọ, ohun tí Dimo fi sílẹ̀ fún un ti tán pátápátá, kò sì sí ibì kankan láyé tí wọ́n ti lè rí òmíràn rà.

Ọjọ́ tí ikú Dimo pé ọdún kan bọ́ sí Sátidé ọjà. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ibojì láàárọ̀, ìyàwó àti ìyá ọkọ, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n da wáìnì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ́jà, nítorí ọjà ni Gergina ti fẹ́ ṣe sàráà ọmọ rẹ̀. Sàráà òkú lọ́dọ̀ wa kò la owó lọ. Ẹni tí wọ́n bá fún kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà, kó sì ní, "Ọlọ́run dárí jì í." Ohun tó bá gbé mì, ẹnu òkú ló lọ. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn kankan kò fi lè gba sàráà padà, torí ó ti já oúnjẹ gbà lẹ́nu òkú nìyẹn.

Àlìkámà bíbọ̀ onísúgà wà nínú apẹ̀rẹ̀ Gergina, búrẹ́dì náà sì wà níbẹ̀. Ó ku ohun ọgbà.

"Ẹ mú èyí tó bá wù yín lórí àtẹ, Ìyá," ni Trendafila wí. "Ata wà, kùkúńbà wà."

Gergina fọwọ́ kan ata, ó fọwọ́ kan kùkúńbà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló wà lórí rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ríran ju tèmi lọ. "Ṣé èyí ni Dimo fẹ́ràn?"

"Ìyá, ohun tó wà nìyẹn."

"Ohun tó wà," ni ìyá àgbà náà wí. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó yí padà, ó forí lé ọ̀nà ilé.

Ó yẹ kí Trendafila fura. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti ń dé.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ọkùnrin kan dúró níwájú àtẹ náà. Krasen lorúkọ rẹ̀, alásè ni ní Sofia. Ó gbé àpò ńlá kọ́ ẹ̀yìn, ó mú ìwé kékeré lọ́wọ́, ó sì ń wo ẹ̀fọ́ bí ẹni tó ń wá ọmọ tó sọnù.

"Màmá, kí lèyí?"

"Kùkúńbà ni."

"Funfun báyìí? Kí ló ṣe é?"

"Ẹ̀yin ará Sofia lẹ̀rù yín ń bà á," ni Trendafila dá a lóhùn, Vidka sì bú sẹ́rìn-ín nídìí aáyù rẹ̀.

Krasen gé e jẹ ní tútù, ó di ojú rẹ̀. Ó tọ́ ata wò. Ó fọwọ́ pa ìgbá lórí. Gbogbo rẹ̀ ló ń béèrè orúkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀. "Ogún ọdún ni mo ti ń dáná," ó ní. "Mo rò pé mo ti mọ ata. Mi ò tíì mọ nǹkan kan." Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Wọ́n sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì pé ẹ ní tòmátì kan."

"Áà," ni Vidka wí. "Ó ti débẹ̀."

"Ẹyọ kan ló kù," ni Trendafila wí. "Orí igi ló wà. Kò sí fún títà."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ tà á. Ojú lásán ni mo fẹ́ fi rí i."

"Ojú ará Sofia máa ń jẹ nǹkan."

"Màmá, ẹ dá iye kan."

"Ọmọ mi, bí ọba bá dé adé wá síbí lónìí, màá ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Irúgbìn ni. Bí mo bá gbìn ín, tí mo gba ogún igi níbẹ̀, nígbà náà wá, màá fún ọ ní èyí tó tóbi jù."

Krasen kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó ra kùkúńbà méje àti ata tó kún ọ̀rá kan, ó ní bọ́ọ̀sì aago kan lòun máa bá lọ, ó sì lọ ń wo àtẹ àwọn tó kù.

Kò pẹ́ ni Gergina padà dé, aṣọ funfun ti bo orí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ń lọ láti àtẹ dé àtẹ. Ó ń bu àlìkámà sọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ó ń gé búrẹ́dì, àwọn ènìyàn sì ń ní Ọlọ́run dárí jì í. Trendafila rí i lọ́ọ̀ọ́kán bó ṣe dúró ti Krasen, tó fa nǹkan jáde lábẹ́ aṣọ funfun náà, tí ọkùnrin gíga yẹn sì tẹ̀ ba, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó ní kódà àlejò jẹun Dimo lónìí.

Nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, ata tán lórí àtẹ, ó sì ní kí Vidka bá òun wò ó kóun sáré lọ mú sí i nílé. Ilé kò jìnnà, ẹ̀yìn òpópónà kejì ni. Ó kó ata sínú garawa, ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kànga láti bá tòmátì rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì.

Igi náà wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan lórí rẹ̀.

Trendafila kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ tú ewé, ó fọwọ́ tú ilẹ̀, ó ń sọ pé bóyá ó já bọ́ ni, bóyá ó yí lọ sábẹ́ elégédé. Ó rí òwú pupa náà. Wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, wọ́n sì ká a jọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sórí òkúta. Olè kì í ká òwú jọ. Garawa ata dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Ariwo tó pa lọ́jọ́ náà, ìyàwó àlùfáà gbọ́ ọ nílé tiwọn, ó rò pé ejò ló bù ú ṣán.

Ó bá Gergina níbi àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá àgbà náà jókòó, apẹ̀rẹ̀ òfìfo wà lórí itan rẹ̀.

"Ìyá, tòmátì dà?"

"Mo fi ṣe sàráà."

"Ìyá, irúgbìn ni! Mo so òwú mọ́ ọn! Ṣé ẹ ò rí òwú ni?"

"Mo rí òwú. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so ó."

"Ẹ mọ̀? Ẹ mọ̀, ẹ sì gé e?"

"Kí lo fẹ́ kí n fún ọmọ mi? Kùkúńbà?" ni Gergina wí. "Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún un pé má jẹ èyí, ó wà fún irúgbìn, má jẹ tọ̀hún, ó wà fún títà. Èyí tí yìnyín fọ́ ló jẹ. Èyí tí ìgbín jẹ kù ló jẹ. Ó dàgbà, ó gbéyàwó, ó hu ewú, èyí tí ìgbín jẹ kù ló ń jẹ. Nígbà tó wà lórí ibùsùn yẹn, ó ní, 'Ìyá, ṣé tòmátì ti pọ́n?' Mo ní ó ku díẹ̀, kó ní sùúrù. Ìyàwó, ẹni tó ń kú lọ ni mo ní kó ní sùúrù! Ìwọ náà wà níbẹ̀. O gbọ́."

Trendafila gbọ́. Òun náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Dimo lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni tòmátì pọ́n.

"Àwa ńkọ́, Ìyá?" ó ní. "Kí la máa gbìn?"

"Èmi ti gbin tèmi," ni Gergina wí, ó sì gbé ojú sọ́nà ibojì.

Aago ṣọ́ọ̀ṣì lù lẹ́ẹ̀kan gbọn-in lórí wọn. Aago kan! Bọ́ọ̀sì alásè nì ti fẹ́ lọ. Trendafila bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di eré.

"Fila!" Vidka ń kígbe lẹ́yìn rẹ̀. "Wọn kì í gba sàráà padà o!"

"Mi ò gbà á padà! Kó jẹ ẹ́, kó tu kóró rẹ̀ fún mi!"

"Kóró náà wà lára sàráà!"

"Vidka, panu mọ́!"

Obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ń sáré láìwọ bàtà, ìborùn rẹ̀ ti já bọ́ lórí, ó ń sunkún, ó ń ṣépè, ó ń bẹ Dimo pé kó bá òun dá bọ́ọ̀sì dúró. Nígbà tó dé ibùdókọ̀, eruku ló bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Rusko, awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà, kì í kọjá afárá láìra sìgá. Lórí afárá ló bá a, bọ́ọ̀sì dúró, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, Rusko wà níwájú ilé kékeré tí wọ́n ti ń ta sìgá, ó ń wá owó nínú àpò.

Trendafila gòkè wọlé. Àwọn bíi mẹ́wàá ló wà nínú bọ́ọ̀sì, kò sí ará ìlú wa nínú wọn. Abúlé òkè ni wọ́n ti ń bọ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn ni Krasen wà, ó tẹ́ bébà sórí itan, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá!" ó kígbe tayọ̀tayọ̀. "Ẹ wá wò ó! Ẹ ní ẹyọ kan ló kù, ìyá àgbà kan ṣì ní òmíràn! Ọ̀fẹ́ ló fún mi, ó ní nítorí ọmọ òun. Mi ò rí irú ẹ̀ rí láyé mi. Bàbá yìí ní ẹnì kan kì í dá jẹ sàráà, a ti pín in."

Trendafila wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹnu ló ń jẹ. Ó wo bébà náà. Krasen ti fi búrẹ́dì nu omi rẹ̀ tán.

"Kóró rẹ̀ ńkọ́?" ni Trendafila béèrè.

"Kóró wo? A jẹ gbogbo rẹ̀. Ó ku ẹ̀là kan, ti awakọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ní tòmátì máa ń ta òun nínú. Ẹ gbà."

Ẹ̀là náà fẹ̀ tó ìka méjì. Inú omi rẹ̀ ni kóró wà, wọ́n ń dán. Trendafila gbà á, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ sí àpò aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Háà, rárá o," ni ìyá kan tó wé gèlè dúdú níjòókòó iwájú wí. "Sàráà kì í wọ àpò. Ibi tí wọ́n bá ti fún ọ ni wàá ti jẹ ẹ́."

Gbogbo wọn ló ń wò ó. Trendafila fi ẹ̀là náà sẹ́nu. Kò gé e jẹ. Ó rọra fi ahọ́n tú u, ó ń fa kóró rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sábẹ́ ahọ́n, ó ń kà wọ́n. Mẹ́ta. Márùn-ún. Mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án tó! Mẹ́sàn-án ju mẹ́rin lọ. Kó sọ̀ kalẹ̀, kó kọjá afárá, kó tu wọ́n sọ́wọ́, kó fọ̀ wọ́n lódò. Láàárín ọdún méjì ọgbà á ti kún. Ó yí padà sí ẹnu ọ̀nà.

"Àdúrà ńkọ́?" ni bàbá tó ní kí wọ́n pín in wí.

Trendafila mi orí, ó pa ẹnu dé.

"Orí mímì kì í ṣe àdúrà, arábìnrin. Dárúkọ rẹ̀, kí o ní Ọlọ́run dárí jì í." Bàbá náà yíjú sí Krasen. "Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Kí lorúkọ òkú?"

Krasen wo bàbá, ó wo bébà. "Mi ò béèrè. Ọmọ òun ló ní. Kò dárúkọ."

Ìyá onígèlè dúdú da ọwọ́ bo ẹnu. "A ti jẹun tán, a ò mọ ẹni tí a jẹ ẹ́ fún?"

"Ọlọ́run mọ̀ ọ́n," ni ẹnì kan wí.

"Ọlọ́run mọ gbogbo òkú. Èwo nínú wọn ni kó bọ́?" Inú ìyá náà bàjẹ́ gidi, omi ti lé sójú rẹ̀. "Ọmọ ọlọ́mọ ṣì wà níbẹ̀ tó ń retí, a ti jẹ oúnjẹ rẹ̀ dànù. Ìwọ obìnrin yìí, ṣebí ará ìlú yìí ni ọ́? Ọmọ ta ló kú? O mọ̀ ọ́n?"

Nínú gbogbo ènìyàn tó wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn, ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kóró mẹ́sàn-án wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Bó bá yanu, wọn a bọ́ sílẹ̀. Bó bá tu wọ́n sọ́wọ́ lójú gbogbo wọn, ó ti tu oúnjẹ Dimo dànù nìyẹn lójú Ọlọ́run. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀, bọ́ọ̀sì á lọ, wọ́n á tú ká sí ilé wọn, Dimo á sì dúró níbi tó wà pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, á tún máa ní sùúrù. Trendafila rí ibùsùn náà. Ó rí ètè rẹ̀ tó gbẹ. Ó gbọ́ ara rẹ̀ tó ń sọ pé, "Ó ku díẹ̀, Dimo, irúgbìn la kọ́kọ́ máa mú." Ó dúró pẹ́, ó pẹ́ débi pé Krasen dìde pé bóyá nǹkan ń ṣe é.

Ó wá rún un. Ó rún ẹ̀là tòmátì náà, ó rún kóró rẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ lábẹ́ eyín òun. Ó gbé e mì.

"Dimo," ó ní. "Dimo ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Gergina. Ọkọ mi ni."

"Ọlọ́run dárí ji Dimo," ni gbogbo bọ́ọ̀sì wí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá onígèlè dúdú fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Krasen nìkan ni kò dáhùn. Ó wo Trendafila, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà, ìwé kékeré rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀.

"Màmá," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé òun náà ni."

Kò sọ fún un. Rusko ti padà dé pẹ̀lú sìgá rẹ̀. "Fila, ṣé o ti fẹ́ bá wa dé Sofia ni?" Trendafila sọ̀ kalẹ̀. Bọ́ọ̀sì náà lọ, òun nìkan ló kù lórí afárá. Ìgbà yẹn ni ohun tó ṣe tó wá yé e. Ìbànújẹ́ náà gbé e mọ́lẹ̀, ó di irin afárá mú, ó ké bí kò ṣe ké lọ́jọ́ tí wọ́n sin Dimo. Lọ́jọ́ ìsìnkú, nǹkan ṣì kù nílé. Lónìí kò sí nǹkan kan mọ́.

Nígbà tó padà dé ọjà, Vidka ti bá a palẹ̀ àtẹ mọ́, kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí Vidka kò ṣe rí láyé rẹ̀ nìyẹn. Gergina ṣì wà lórí àtẹ̀gùn. Trendafila jókòó tì í.

"Ṣé ó jẹ ẹ́?"

"Ó jẹ ẹ́, Ìyá. Gbogbo bọ́ọ̀sì ló jẹ ẹ́."

"Wọ́n dárúkọ rẹ̀?"

"Wọ́n dárúkọ rẹ̀."

Ìyá àgbà náà mí kanlẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mo jẹ níbẹ̀."

Gergina yíjú sí i. Láti àárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí nǹkan tó jọ ayọ̀ máa yọ lójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú, ó sún mọ́ ọn. "Ó dùn? Ìyàwó, ṣé ó dùn bíi ti tẹ́lẹ̀?"

Trendafila yanu láti dáhùn. Ó fi ahọ́n kan òkè ẹnu rẹ̀, ó fi wá gbogbo kọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ó wá a títí. Tòmátì náà pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, Ọlọ́run mọ bó ṣe pẹ́ tó, ṣùgbọ́n kóró ló ń kà.

"Mi ò tọ́ ọ wò, Ìyá," ó ní, ó sì gbé orí lé itan ìyá àgbà náà.